Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ìtọ́jú eré ń gbà, ta ló sì lè fọwọ́ kan ọmọ níbẹ̀?

Ìyá ọmọ kan ló kọ̀wé sí mi láti Mopa, ohun tó kọ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 6. Wọ́n gbé bàbá ẹ̀ lójú ọ̀nà, ojú ọmọ náà ló sì ṣe torí inú mọ́tò kan náà ni wọ́n wà, ó tó ọjọ́ 9 kí Ọlọ́run tó dá a padà fún wa. Látìgbà yẹn ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mọ́, ó ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó bá sì fà á lọ́wọ́, ńṣe ló máa gé e jẹ. Wọ́n júwe àńtí kan fún wa ní Lokoja tó ń ṣe play therapy, ìyẹn ìtọ́jú eré. A ti lọ ẹ̀ẹ̀meje, gbogbo ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ò ju kó máa gbẹ́ yẹ̀pẹ̀, kó máa rì mọ́tò kékeré mọ́ ọn. Ìyá ọkọ mi ní owó ọkọ̀ la kàn ń ná dànù. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló yẹ kó gbà? Ìkejì, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fẹ́ fi igi gbá àńtí yẹn lójú, àńtí wá di ọwọ́ ẹ̀ mú, ọmọ bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀, tó bá ní kí àńtí gbé òun, kì í gbé e, ó kàn máa kúnlẹ̀ na ọwọ́ sí i ni. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

Ọ̀kún o, màmá. Ẹ kú ewu bàbá ọmọ tó padà wálé, ẹ sì kú ìrọ́jú ọ̀nà Lokoja, torí mo mọ ọ̀nà yẹn, kéèyàn kúrò ní Mopa wá sí Kabba, kó tún gba Obajana kọjá láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì, kí ọmọ ọdún 6 tí wọ́n gbé bàbá ẹ̀ nínú mọ́tò lójú ọ̀nà tún máa jókòó sínú mọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ńlá lẹ ti ṣe kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá eré yẹn rárá. Kabba ni èmi náà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ìyá máa ń bi mí ní ọ̀rọ̀ iye ọ̀sẹ̀, àwọn míì máa ń bi mí ní ọ̀rọ̀ ọwọ́, wọn kì í sábà bi mí ní méjèèjì pọ̀, inú mi sì dùn pé ẹ bi mí pọ̀ torí ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ará Amẹ́ríkà kan wà tí wọ́n ń pè ní Virginia Axline, òun ló mú ẹ̀kọ́ Carl Rogers, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá tó ní kí olùtọ́jú máa tẹ̀lé ìrìn ẹni tó ń tọ́jú, wọ inú eré ọmọdé. Nínú ìwé tó kọ ní 1947, ó to ìlànà 8 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ìkeje nínú wọn ni pé kí àgbà má kán ọmọ lójú, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ìkẹjọ ni pé kí ààlà wà, àmọ́ kó mọ níwọ̀n, kìkì èyí tí eré náà ò fi ní fò kúrò láyé tá a wà yìí, àti èyí tí ọmọ á fi mọ ojúṣe tiẹ̀ láàárín òun àti ẹni tó ń bá a ṣeré. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ wà nínú ìkeje, ìkejì wà nínú ìkẹjọ. Bí èmi ṣe máa ń sọ ọ́ fáwọn tí mò ń kọ́ ni pé ìrìn tọmọ ni, ààlà tàgbà ni. Ọmọ ló máa mọ bó ṣe máa yá tó, àgbà ló máa dúró ti ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fara pa. Bí àgbà bá kọ̀ láti dúró síbẹ̀, ọmọ ò ní rìn, á kàn máa wo ojú ilẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ná. Mi ò bínú sí màmá rárá. Ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń gbà lówó ọkọ̀ báyìí, tó wá gbọ́ pé yẹ̀pẹ̀ lọmọ ń gbẹ́ ní Lokoja, bíi pé yẹ̀pẹ̀ ò sí ní Mopa, ó lẹ́tọ̀ọ́ kó béèrè. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ ọdún 6 ò tíì ní ẹnu tó lè fi ròyìn ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn. Àgbà tí ọkàn ẹ̀ bá gbọgbẹ́ á jókòó, á sọ ọ́, á sunkún, á tún un sọ fún ẹlòmíì tó bá wá kí i. Ọwọ́ lọmọdé fi ń sọ tiẹ̀. Garry Landreth, ẹni tó dá ibùdó play therapy sílẹ̀ ní Yunifásítì North Texas, ohun tó máa ń sọ ni pé eré ni èdè ọmọdé, ohun ìṣeré sì ni ọ̀rọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kó ohun ìṣeré sínú yàrá yẹn ṣáá nítorí pé ó dùn-ún wò. Ẹ máa rí nǹkan ilé níbẹ̀, ìkòkò kékeré, bèbí, mọ́tò, àpò dọ́kítà. Ẹ máa rí ohun tó ṣeé fi bínú, ìbọn rọ́bà, okùn, ẹranko tó ní eyín, bèbí ńlá tó ṣeé lù. Ẹ máa rí amọ̀, kíréyọ̀nù, yẹ̀pẹ̀, omi. Ìyá kan rí ìbọn rọ́bà lọ́dọ̀ mi, ó fẹ́ fa ọmọ ẹ̀ jáde, ó ní ṣé ohun tó ń lé ọmọ òun lójú oorun náà lẹ tún kó síbí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ yé mi dáadáa. Àmọ́ ọmọ tó ti rí ìbọn lọ́wọ́ àgbà tó ń pariwo, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ ara ẹ̀ mú un nínú yàrá tí nǹkan kan ò ti lè ṣe é, ọjọ́ ńlá ni.

Yẹ̀pẹ̀ ńkọ́? Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní jókòó sí Kabba kí n máa túmọ̀ ẹ̀ fún yín pé mọ́tò yìí ni mọ́tò bàbá, ihò yẹn ni igbó. Àńtí yẹn gan-an ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n já nǹkan gbà mọ́ lọ́wọ́ lójijì máa ń fẹ́ràn eré tó jẹ́ pé òun ló ń fi nǹkan pamọ́, òun náà ló ń wá a rí. Mo bá ọmọ kan ṣeré rí (mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀), ìdérí ìgò ló máa ń rì. Á rì í, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ yẹ̀pẹ̀ lé e, á wojú mi bóyá mò ń wò ó, á wá gbójú kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó ti gbàgbé, lẹ́yìn náà á sáré padà wá hú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ìdérí kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ keje ó rì í tán, ó ní, "Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, mò ń bọ̀," ó wá lọ síbi omi lọ ṣe nǹkan míì. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn á ní ọmọ yìí ṣì ń gbẹ́ yẹ̀pẹ̀. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, omi ti lé sí mi lójú, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi ohun tí ò fẹ́ kó sọnù sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Torí náà ẹ má bi ọmọ pé kí lo ṣe lónìí, ẹ má fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nínú mọ́tò. Àńtí ni kí ẹ bi, ẹ bi í bóyá eré yẹn ń yí padà, kódà bó jẹ́ díẹ̀. Kò ní ro gbogbo eré fún yín torí àṣírí ọmọ ni, àmọ́ ó yẹ kó lè sọ ibi tí nǹkan ń lọ, ó sì yẹ kó máa pè yín jókòó lẹ́yìn ìpàdé mélòó kan láti bá yín sọ̀rọ̀, ọmọ ò ní sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ti lọ ẹ̀ẹ̀meje tí kò tíì pè yín, ẹ̀yin ẹ béèrè.

Ó wá kan iye ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló máa gbà, ọjà ló ń tà. Ní 2005, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Sue Bratton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 93 jọ lórí play therapy, wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ fọ́mọ, wọ́n sì rí i pé ibi ìpàdé 35 sí 40 ni èrè ẹ̀ ti ga jù. Ẹ má jáyà o. Nínú àwọn ìwádìí yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ wà tí ò ju ìpàdé 14 lọ tí èrè wọn ṣì dáa gan-an. Nǹkan kẹta wà tí wọ́n rí, òun ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù, mo ṣì máa padà sí i: níbi tí òbí fúnra ẹ̀ bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣeré yìí tó sì ń ṣe é fún ọmọ ẹ̀, èrè ẹ̀ pọ̀ ju ibi tó ti jẹ́ pé therapist, ìyẹn olùtọ́jú, nìkan ló ń ṣe é.

Ìpàdé kan lọ́sẹ̀ ló wọ́pọ̀, ìṣẹ́jú 30 sí 50, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, kí ọmọ sì bá ohun ìṣeré níbi tó mọ̀ wọ́n sí. Ẹ̀ẹ̀meje tí ẹ ti lọ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọmọ máa ń yẹ ibẹ̀ wò ni, á wo ilẹ̀kùn, á wo àńtí, á máa ronú pé ṣé òótọ́ ni pé wọn ò ní pariwo mọ́ mi níbí. Tó bá ti wá gbà á gbọ́, ìbínú máa jáde, ìdọ̀tí máa pọ̀, ẹ lè rí i kó tún le sí i nílé fún ìgbà díẹ̀. Igi tó gbé sókè yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló dé. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn ọmọ míì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fún bèbí, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á bò ó láṣọ, títí eré wọn á fi wá dà bí tàwọn ọmọ yòókù. Kò sí ọmọ méjì tó ń tò ó bákan náà, òmíì á lọ síwájú á tún padà sẹ́yìn, pàápàá bí ìròyìn gbọ́nmọgbọ́nmọ míì bá tún jáde ládùúgbò tí àgbàlagbà sì ń sọ ọ́ létí ẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá ọkọ yín pé èbù la rì mọ́lẹ̀ yìí o. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ń hú èbù wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò ní jẹ iṣu.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Ilé àti sùkúù lẹ máa wò. Ó ń sùn dáadáa, ó tún ń dáhùn tí tíṣà bá pè é, ó ń bínú láì gé èèyàn jẹ, ó ń jà fún mọ́tò rọ́bà pẹ̀lú ọmọ àbúrò yín bí ọmọdé ṣe ń jà tí wọ́n á sì tún jọ jẹun. Nínú yàrá eré náà, nǹkan lè bẹ̀rẹ̀ sí í sú u, á máa béèrè pé ṣé àsìkò ò tíì tó ni. Ẹ má kánjú fà á kúrò ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí èyí, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù kan, kí ẹ wá jókòó pẹ̀lú àńtí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín ni pé mò ń gbọ́ ọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ pé ẹ lè má lọ mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ màmá, mo bẹ̀ yín. Bàbá ọmọ yìí pòórá lójú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀. Bí àńtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọkàn tán náà bá tún pòórá lójijì, ẹ̀kọ́ tó máa kọ́ níbẹ̀ ò dáa, á gbà pé bí èèyàn ṣe ń rí nìyẹn, wọ́n á wà, wọ́n á sì lọ. Bí owó bá tán lóòótọ́, owó ń tán, mi ò ní dá yín lẹ́bi, ẹ sọ fún àńtí pé ìpàdé mẹ́ta ló kù, kó sọ fún ọmọ náà, kí ẹ kọ mẹ́ta sórí bébà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri nílé, kó máa fagi lé e fúnra ẹ̀. Mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, ó dàbọ̀. Bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́ tí ẹ ò bá lè lọ lọ́sẹ̀ kan, ẹ pe àńtí lórí fóònù kí ọmọ gbọ́ ohùn ẹ̀ pé "mo wà níbí, mo máa rí ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Kódà láàárín ìpàdé kan, ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó parí la máa ń sọ fún ọmọ pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ẹ ní àńtí di ọwọ́ ọmọ mú nígbà tí igi ń bọ̀ lójú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti mú ààlà wọlé, ìpele mẹ́ta ni, Landreth náà ló là á sílẹ̀. Àkọ́kọ́, sọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ. Èkejì, sọ ààlà, jẹ́jẹ́, láìgbé ohùn sókè. Ẹ̀kẹta, fi ibòmíì tó lè gbé e gbà hàn án. Lẹ́nu tèmi báyìí ló ṣe ń jáde: "Inú ń bí ẹ sí mi gan-an. Àmọ́ èmi kì í ṣe ohun lílù. Bèbí ńlá yẹn ló ṣeé lù." Bí ọmọ ò bá gbọ́, a lè tún un sọ, tó bá yá a máa gbé yíyàn síwájú ẹ̀, pé bó bá yàn láti fi igi lu mi, ó ti yàn pé òun ò ní fi igi ṣeré mọ́ lónìí nìyẹn. Kò sí ẹgba níbẹ̀, kò sí "ọmọ burúkú", ìbínú ẹ̀ ò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tó fẹ́ gbé e sí nìkan la dí.

Àmọ́ igi tó ti ń bọ̀ lójú ò ní dúró de ìpele mẹ́ta. Bí ewu bá ti dé, yálà lórí àgbà tàbí lórí ọmọ fúnra ẹ̀, a lè dá ọwọ́ ẹ̀ dúró, fún ìwọ̀nba ìgbà tí ewu fi wà, ká sì jù ú sílẹ̀. Torí náà mi ò lè sọ pé ohun tó ṣe burú, ẹ bi í léèrè díẹ̀. Báwo ló ṣe pẹ́ tó tó fi dì í mú? Kí ló sọ fún ọmọ nígbà tó dì í mú? Ó yẹ kó ti sọ ọ́ jáde pé "mò ń di ọwọ́ ẹ mú kí igi má bà mí lójú, ó ti tán, mo ti fi ẹ́ sílẹ̀." Nígbà tí ọmọ wá sunkún, ṣé ó sọ fún un pé "ọwọ́ mi dẹ́rù bà ẹ́"? Torí ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i, ọjọ́ tí wọ́n fa bàbá ẹ̀ jáde nínú mọ́tò, ọwọ́ ni wọ́n fi fà á. Ó sì yẹ kó sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn kan náà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú fáìlì. Bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ sọ fún yín kí ọmọ tó sọ, ọkàn mi balẹ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àsìkò ọmọbìnrin ọmọ ọdún 4 kan ti pé, kò fẹ́ jáde, ọmọ míì sì ti ń dúró níta. Mo bá gbé e. Bí a ṣe máa ń gbé ọmọ nílẹ̀ wa náà ni, mo kó ọwọ́ sí abẹ́ apá ẹ̀ méjèèjì, mo gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, mo gbé e fún ìyá ẹ̀, ìyá ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Ọmọ ò sunkún pàápàá. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, kì í bọ́ bàtà, kò fọwọ́ kan ohun ìṣeré kankan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta mo jókòó sílẹ̀ jìnnà sí i díẹ̀, mo sọ fún un pé, "Ọjọ́sí mo gbé ẹ láì béèrè lọ́wọ́ ẹ. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́ má bínú. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Kò dáhùn. Nígbà tó ṣe, ó bọ́ bàtà kan. Látìgbà yẹn, bí àsìkò bá ti pé, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń lọ dúró sí, màá ní "ó ti tó àkókò, ilẹ̀kùn là ń lọ," màá tún un sọ, màá dúró, kódà bó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹni tó wà níta ń kanra.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àńtí tó kúnlẹ̀ na ọwọ́. Nínú irú ìtọ́jú yìí, ọmọ ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan àgbà, àgbà kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ. Bí ọmọ yín bá sáré wá dì mọ́ ọn nígbà tó ń lọ ilé, kò yẹ kó tì í dànù, ó lè gbà á, díẹ̀, kó sọ pé "ó wù ẹ́ kí o dì mọ́ mi." Àmọ́ gbígbé sókè, gbígbé lé itan, ọ̀rọ̀ ibòmíì ni, torí ọmọ tí àgbà ti gbé sókè ò lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́. Àńtí yẹn sọ̀kalẹ̀ wá bá a níbi tó wà, ó na ọwọ́, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe play therapy ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, kọ odindi ìwé kan lórí ìfọwọ́kàn yìí nìkan, torí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tó bá wọlé wá lè ní ohun tí ọwọ́ àgbà ti ṣe fún un tí òbí ẹ̀ gan-an ò tíì gbọ́.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro nílẹ̀ Ọ̀kún. Ọmọ gbogbo wa lọmọ, ẹni tó bá wọlé á gbé e, á fà á létí, á jù ú sókè. Mo lè fojú inú wo bí ilé yín ṣe kún lọ́jọ́ ìdúpẹ́, tí gbogbo èèyàn ń gba ọmọ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí kò sẹ́ni tó rò ó pé ó lè máa gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ̀yin ìyá ẹ̀ má fà á mọ́ra. Ẹ gbé e, ẹ dì mọ́ ọn, bó bá ṣì gbà kí ẹ pọn òun, ẹ pọ̀n ọ́n. Àmọ́ ẹ padà lọ ka lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi. Ẹ ní ẹni tó bá fà á lọ́wọ́ ló ń gé jẹ. Ẹ ò sọ pé ó ń gé gbogbo èèyàn jẹ. Torí náà ẹ sọ fún tíṣà ẹ̀, ẹ sọ fún àwọn tó ń to ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ fún àwọn àbúrò bàbá ẹ̀, pé kí wọ́n dúró níbi tó ti lè rí wọn, kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀, kí wọ́n na ọwọ́, kí wọ́n sì dúró dè é. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ìgéjẹ yẹn bá kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ ṣáájú gbogbo nǹkan yòókù.

Ibi tí ẹ ti máa gbé ọmọ yín kúrò láì bẹ ẹnikẹ́ni: bí ẹnikẹ́ni bá ń rìn ín nígìíìgì bí ọmọ ṣe ń ní ó tó, bó bá sọ fún un pé kó má sọ fún màmá, bó bá ń ya fídíò ẹ̀ láì gbàṣẹ lọ́wọ́ yín, tàbí tó bá dì í mọ́lẹ̀ pé òun fẹ́ kí ìbínú jáde lára ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ìtọ́jú bò ó fún yín, ì báà jẹ́ oníwèé-ẹ̀rí tàbí ilé àdúrà. Ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 10 kan kú ní 2000 nítorí pé àwọn tó pe ara wọn ní therapist wé e ní aṣọ, wọ́n sì fi ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ń tún un bí, ó ń pariwo pé òun ò lè mí. Ìpínlẹ̀ yẹn fi òfin de irú ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kò bá play therapy tan rárá. Níbí náà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 wà ní Nàìjíríà, ọmọ yín ní iyì ara ẹ̀ lábẹ́ òfin.

Mo ní mo máa padà sí ọ̀rọ̀ òbí. Láti bíi 1960 lọ sókè ni àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà méjì, Bernard àti Louise Guerney, ti ń kọ́ òbí láti máa ṣe eré yìí fún ọmọ wọn fúnra wọn, Landreth àti Bratton wá sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ìpàdé 10. Ẹ bi àńtí bóyá ó lè kọ́ yín, kí ẹ máa lọ Lokoja lọ́sẹ̀ méjì méjì kí ẹ sì máa ṣe é nílé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyẹn á dín owó ọkọ̀ kù. Ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àpótí kan tí ẹ ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn, abọ́ yẹ̀pẹ̀, mọ́tò kékeré, bèbí, okùn, ìbọn rọ́bà, kíréyọ̀nù. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ pa fóònù, ẹ gbé àbúrò ẹ̀ fún màmá. Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan, ẹ má bi í ní ìbéèrè, ẹ máa sọ ohun tí ẹ rí nìkan, "o ti rì í," "o ń wá a," "ó ti jáde." Bó bá fẹ́ ju yẹ̀pẹ̀ sí yín lójú, ẹ ti mọ ìpele mẹ́ta náà. Bí ìṣẹ́jú 30 bá pé, ẹ dìde, kódà bó ń dùn.

Bàbá ẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ̀wé gígùn, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ju pé ó ti dé. Ẹni tó wà lọ́wọ́ irú àwọn èèyàn yẹn fún ọjọ́ 9 nílò ẹni tó máa tọ́jú òun náà, dọ́kítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá, kì í ṣe ti wèrè nìkan, ẹ bá a sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun náà ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun báyìí, kí ọmọ sì ti ṣàkíyèsí ẹ̀. Ẹ má fipá mú wọn dì mọ́ra wọn níwájú àlejò. Bí ẹ bá tẹ́ ẹní yẹn lọ́jọ́ kan tí bàbá sì wà nílé, ẹ sọ fún un kó wá jókòó sétí ẹ̀, kó má sọ nǹkan kan. Bí ọmọ bá na mọ́tò sí i, kó gbà á.